Ẹmu, Ọ̀nà àti Etí Odò ní Ilẹ̀ Àwórì

Ní ìlú Stellenbosch ní Gúúsù Áfíríkà, èyí tí àwọn ará Họ́lándì tẹ̀ dó lẹ́bàá odò Eerste ní ọdún 1679, ó ti di àṣà kí àwọn tí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ wọ ọkọ̀ láàárọ̀, kí wọ́n yà sí ọgbà àjàrà tí a ti ń fún wáìnì, kí wọ́n jẹun ọ̀sán níbẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn ní bèbè odò títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀. Bí ará Èkó tí ó bá ti dé irú ibẹ̀ rí bá sì padà sílé, a máa ròyìn rẹ̀ fún wa bí ẹni pé Ọlọ́run kò fi irú ìgbádùn bẹ́ẹ̀ sí ilẹ̀ tiwa rárá. Èmi kò bá a jiyàn pé ibẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n kí a tó fún àjàrà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Cape ní ọdún 1659, àwọn Àwórì ti ń gun ọ̀pẹ nínú igbó tí ó wà láàrin odò Ògùn àti ọ̀sà, wọ́n ń dá ẹmu, wọ́n ń tà á fún èrò ọ̀nà, èrò ọ̀nà sì ń fi ẹja àti ẹran ìgbẹ́ sìn ín lọ́fun. A kì í wà létí odò kí a máa fi itọ́ ṣanwọ́. Ẹni tí ó ń gbé Ìtẹ̀lé, tàbí Àyọ̀bọ̀, tàbí Sàngó Ọ̀tà lónìí, orí ilẹ̀ tí àṣà yìí ti gbó sí gan-an ni ó kọ́lé lé.

Ìyàtọ̀ ńlá kan wà láàrin wáìnì àjàrà àti ẹmu, orí ìyàtọ̀ náà sì ni gbogbo ìtàn tí mo fẹ́ pa dúró lé. Wáìnì a máa rìnrìn-àjò: a lè rọ ọ́ sínú ìgò, kí a dì í ní kọ́ọ̀kì, kí a fi ọkọ̀ ojú omi kó o la òkun kọjá, kí ó sì wà nínú àjà ilẹ̀ fún ogún ọdún kí adùn rẹ̀ máa pọ̀ sí i. Ẹmu kò mọ ìyẹn. Láti ìgbà tí ó bá ti kán sínú akèrègbè ni ìwúkàrà tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára akèrègbè náà ti dáwọ́ lé iṣẹ́. Ní òwúrọ̀ ó ń dùn, ní ọ̀sán ó ti ń ta, ní alẹ́ ó ti le, bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá sì mọ́, ó ti ń kan bọ̀ wá di ọtí kíkan tí ẹnikẹ́ni kò ní í gbé fún àna. Nítorí náà, ẹmu kì í rin ọ̀nà jíjìn tọ ènìyàn wá. Ènìyàn ni í dìde tọ̀ ọ́ lọ. Bí ọ̀nà bá ti gùn sí, bí ohun ìrìnnà bá ti yá sí, bẹ́ẹ̀ gan-an ni òwò ẹmu ń gbòòrò tàbí ń sún kì.

Àwọn àgbà mọ èyí kí ìwé tó dé. Ẹni àkọ́kọ́ tí ìtàn sọ fún wa pé ó wà lójú ọ̀nà tí ó sì yà mu ẹmu kì í ṣe ẹlòmíràn bí kò ṣe Ògún, Lákáayé, Ọ̀ṣìn Imọlẹ̀, ẹni tí ó ni irin, tí ó ni ọ̀nà, tí gbogbo ọkọ̀ tí ń sáré lórí ọ̀dà sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ìrè-Èkìtì kì í ṣe ilé bàbá Ògún. Ẹmu ni ó yà mu níbẹ̀. Wọ́n ní ó bá àwọn ènìyàn ìlú níbi àpéjọ kan tí a kì í ti í fọhùn, ó kí wọn, wọn kò dáhùn; ó gbé akèrègbè wọn wò, ó bá a lófìfo; ni inú bá bí i, ni ó bá fa idà yọ, ìgbà tí ojú rẹ̀ sì wálẹ̀ tí ó mọ ohun tí ó ṣe, ó wọlẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ní ojú ọ̀nà ni Ọbàtálá wà, tí ó ń ti òde ọ̀run bọ̀ wá dá ilẹ̀ ayé, nígbà tí òǹgbẹ gbẹ ẹ́ tí ó sì mu ẹmu yó, tí oorun gbé e lọ, tí Odùduwà fi gba iṣẹ́ náà ṣe. Ìdí nìyí tí àwọn olórìṣà funfun kì í fi í fi ẹnu kan ẹmu títí di òní. Nínú ìtàn méjèèjì, ẹ kíyè sí i, ojú ọ̀nà ni ọtí yìí ti pàdé ẹni, kì í ṣe nínú ilé, ẹni tí kò sì kíyè sí ara rẹ̀ níbẹ̀ ni ó pàdánù.

Ti ìrìn etí odò ńkọ́? Ìtàn ìpìlẹ̀ Àwórì látòkè délẹ̀, ìrìn etí odò ni. Nígbà tí Ọlọ́fin Ògúnfúnmiré kúrò ní Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, àwo kan tí a ti ṣe oògùn sí ni wọ́n gbé lé ojú omi, wọ́n sì ń bá bèbè odò Ògùn bọ̀ wá sísàlẹ̀, tí ojú wọn kò kúrò lára àwo náà. Ibi tí àwo bá ti dúró, wọn a dúró. Ibi tí ó bá ti tún gbéra, wọn a ká ẹrù. Ó dúró ní Òkè-Àtà ní ẹ̀bá ibi tí Abẹ́òkúta wà lónìí, ó tún gbéra, àfi ìgbà tí ó dé Ìṣẹ̀rì tí ó yí po, tí ó sì rì, tí "àwo ti rì" sì di orúkọ ẹ̀yà. Láti Ìṣẹ̀rì ni wọ́n ti ya lọ sí Ìddó àti erékùṣù Èkó, láti ibẹ̀ náà sì ni àwọn mìíràn ti wọ inú igbó lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, tí wọ́n tẹ Ọ̀tà dó, Ọ̀tà Ìganmọdẹ, àti àwọn ìlú Àwórì kéékèèké tí ó yí i ká, tí Ìtẹ̀lé tí ó ní Onítẹ̀lé ní ọba jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Odò tí wọ́n bá wá náà kò kéré: láti àwọn òkè tí ó wà ní ìhà Ṣakí ni ó ti ṣàn wá, Yemọja ni ó ni ín, odò Ọ̀yán dà pọ̀ mọ́ ọn lójú ọ̀nà, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì fi orí sọ ọ̀sà Èkó.

Ilẹ̀ tí àwọn Àwórì bá níhìn-ín jẹ́ ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí òjò kì í gbàgbé, tí omi sì ń dúró sí ní àfonífojì, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò sì dára fún àjàrà ṣùgbọ́n ó dára fún oríṣi igi méjì tí ń fún wa lọ́tí. Ọ̀kan ni ọ̀pẹ, igi tí a kò lè ka oore rẹ̀ tán: ó ń fún wa ní epo, àdín, imọ̀, ọwọ̀, ìtí tí a fi ń ṣe afárá, ẹmu ni àjẹmọ́nú tí ó fi lé e. Èkejì ni igi ògùrọ̀, tí ń gbé inú irà àti àbàtà etí odò, tí ìkọ̀ rẹ̀ ń di ẹní àti aṣọ egúngún, tí ọ̀pá rẹ̀ ń di àjà àti àga, tí omi ara rẹ̀ sì ń di ẹmu ògùrọ̀. Ìwà àwọn méjèèjì kò dọ́gba. Ọ̀pẹ tí adẹ́mu bá fi ọgbọ́n dá a lè wà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kí ó tún máa so ẹyìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ògùrọ̀ ń yọ òdòdó ní gbogbo ayé rẹ̀, bí a bá sì ti dá a tán, ikú rẹ̀ dé. Ẹni tí ó ń fi ògùrọ̀ ṣòwò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn èèhù rẹ̀ máa dàgbà nínú irà. Bí a bá ti gbẹ́ irà náà tí a sì da yanrìn sí i, òwò tán níbẹ̀.

Iṣẹ́ adẹ́mu kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ní ìdájí ni ó ń jí, tí igbà rẹ̀ yóò wà ní èjìká, tí ọ̀bẹ yóò wà ní ìbàdí, tí akèrègbè òfìfo yóò sì máa lu ara wọn ní ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá dé ìdí ọ̀pẹ, yóò fi igbà yí ara rẹ̀ àti igi ká, yóò ta á ní kókó, yóò tì sẹ́yìn díẹ̀ kí ó lè mọ̀ bóyá ó mú. Lẹ́yìn náà yóò ju igbà sókè, yóò gbé ẹsẹ̀ tẹ̀lé e, yóò tún ju igbà, títí yóò fi dé abẹ́ imọ̀. Níbẹ̀ ni yóò ti gé imọ̀ tí ó dí i lójú, tí yóò wá òdòdó akọ tí kò tíì là, tí yóò fi ọ̀bẹ dá ojú fún un, tí yóò ki ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ojú náà, tí yóò sì so akèrègbè mọ́ ọn kí omi lè máa kán sí i. Lọ́wùúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ ni yóò máa padà wá, nígbàkúùgbà tí ó bá sì wá, yóò tún fi ọ̀bẹ fá ojú náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nítorí bí ojú bá jinná, ẹmu dá. Oyin ń ta á, èèrà ń bù ú jẹ, òjò ń sọ ara igi di yíyọ̀. Ẹni tí ó bá gun igi kọjá ewé yóò já lulẹ̀ ni a sábà máa ń wí fún ẹni tí ojú rẹ̀ tóbi ju inú lọ. Ti adẹ́mu kì í ṣe òwe, nítorí kì í gùn ún kọjá ewé kí igbà tó já mọ́ ọn nídìí, ọ̀pọ̀ ilé ni ó sì wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí bàbá wọn fi orí ọ̀pẹ dé ọ̀run.

Kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ nìkan ni ó ń ṣe é. Àwọn Ẹ̀gùn láti ìhà Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́, àwọn Ùròbò àti Ìsókó láti ìsàlẹ̀ odò, gbogbo wọn ni ó ti pàgọ́ sínú oko olóko rí, tí wọ́n san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀, tí onílẹ̀ náà sì ń gba akèrègbè kan lọ́jọ́ ọdún lé e lórí. Abà wọn ni ó di ilé ìtura àkọ́kọ́ fún èrò ọ̀nà. Kò ní ju òrùlé imọ̀ lórí òpó mẹ́rin lọ, àga ọparun gígùn kan, ìkòkò omi, àti ahá tí a fi ń bu ẹmu, èyí tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó mu mẹ́rin yóò fi rò pé òun kò tíì mu nǹkan kan. Ẹlẹ́mu ni yóò kọ́kọ́ ta díẹ̀ sílẹ̀ fún ilẹ̀ ògẹ́rẹ́, òun náà ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú gbogbo ènìyàn, kí ó lè hàn pé kò sí ohun kóhun nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìyàwó rẹ̀ yóò ṣí ìkòkò: ọ̀yà tí a ti yan kí a tó sè é, ìgbín tí ata ti wọ̀ lára, ẹja àrọ̀ gbígbẹ, fùfú tàbí ẹ̀kọ tútù. Ìwọ̀nba ẹni tí ó bá jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ igi ní ọ̀sán gangan ni ó máa ń fẹ́ tètè dìde.

Àwọn wo wá ni èrò ọ̀nà náà? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ọ̀nà tí ó sì gba ilẹ̀ Ọ̀tà kọjá ti mú wàhálà bá onílẹ̀ jù bí ó ti mú èrè wá lọ nígbà kan. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá ti fi ìdí múlẹ̀ lábẹ́ àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n sì ń wá ọ̀nà dé etí òkun láti ra ìbọn àti ọjà òyìnbó, Ọ̀tà ni ó dábùú ọ̀nà fún wọn. Ní ọdún 1842, lábẹ́ Ṣódẹkẹ́, wọ́n ṣẹ́ ogun ìlú náà, wọ́n sì lọ dó ti Adó-Odò; Dáhómì dá sí ogun náà, àwọn Ẹ̀gbá kò sì kúrò lẹ́yìn ìlú náà títí di ọdún 1853. Ogun ọ̀nà ni ogun yìí, kì í ṣe ogun ẹrú nìkan. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1843 ni ajíhìnrere Henry Townsend ti Àgbádárìgì dé Abẹ́òkúta fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí ó sì di àwọn ọdún 1850, ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS fi James White, ọmọ Sàró, sí Ọ̀tà, ibẹ̀ ni ó sì ti ṣiṣẹ́ fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún, láàrin ìlú tí ogun ti fọ́ tí ó sì ń gbìyànjú láti tún ara rẹ̀ ṣe. Ní gbogbo àkókò yìí, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ń gun odò Ògùn lọ sí Abẹ́òkúta pẹ̀lú iyọ̀ àti aṣọ, ó ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú epo àti òwú, àwọn alárùú sì ń rin ọ̀nà ẹsẹ̀ nínú igbó. Abà ẹlẹ́mu ni wọ́n fi ń sinmi.

Ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ọ̀nà irin ní ọdún 1896. Rélùwéè gba Agége, ó gba Ìjòkó, ó gba Ìfọ̀, ó dé Abẹ́òkúta, a sì ṣí i dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ọ̀nà tí ó ń gba alárùú ní ọjọ́ méjì di ọ̀nà wákàtí díẹ̀, ẹmu tí a gbé sọ̀ láti orí ọ̀pẹ ní kùtùkùtù sì lè dé Èkó kí ó tó le. Lẹ́yìn náà ni bọ́lẹ̀kájà dé, tí kẹ̀kẹ́ ológeere dé, tí ṣágo onígíláàsì gba ipò akèrègbè, nítorí pé akèrègbè kò lè gba ìgbọ̀nrìrì ọkọ̀ akẹ́rù. Ibẹ̀ náà ni jìbìtì ti wọlé. Ẹmu tí ó bá rìn jìnnà a máa dín kù nínú ṣágo, ẹlẹ́mu a sì bu omi là á. Omi a sọ ọ́ di tẹ́ẹ́rẹ́, yóò wá fi sákárìnì gbé e ró. Ẹni tí ó bá mọ ẹmu dájú kì í ra á ní ìgboro Èkó.

Nígbà tí ẹmu kò lè rìn, ọtí tí ó lè rìn gba ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́. Jíìnì láti Hamburg àti láti Rotterdam ń wọlé nínú àpótí, ìgò aláwọ̀ ewé rẹ̀ sì di owó nínáwó ní àwọn ibòmíràn. Owó ibodè tí ìjọba ń gbà lórí rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníwàásù àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ìmúlẹ̀-má-mutí ní Lọ́ńdọ̀nù fi pariwo pé ọtí ni a fi ń ṣe ìjọba Gúúsù Nàìjíríà. Ní ọdún 1909, a rán ìgbìmọ̀ kan wá, tí Sir Mackenzie Chalmers jẹ́ alága rẹ̀, kí wọ́n wádìí. Wọ́n gbọ́ ẹ̀rí lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì padà sọ pé àwọn kò rí àrídájú pé ọtí ń ba ìran wa jẹ́. Èmi rò pé owó ibodè wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn lẹ́nu wọn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí èyí kò sì jìnnà: nígbà tí àwọn ènìyàn wa fúnra wọn kọ́ bí a ti ń se ẹmu ògùrọ̀ nínú àgbá, tí ooru rẹ̀ ń gba inú páìpù onídẹ kọjá nínú omi tútù tí ó sì ń kán bọ́ sí òdì kejì ní ògógóró, ìjọba kan náà ni ó fi òfin dè é, tí ọlọ́pàá ń wọ irà lọ fọ́ àgbá, tí a ń kó àwọn tí ń sè é lọ sílé ẹjọ́, ọtí tí kò san owó ibodè ni wọ́n pè ní májèlé. Lẹ́yìn òmìnira ni okùn òfin náà tó dẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ògógóró jẹ́ gan-an: ẹmu tí ó ti kọ́ ìrìn-àjò ni.

Àwọn ará orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní ìtàn tiwọn lórí èyí. Ọ̀nà tí ó ya ní Sàngó, tí ó gba Ọ̀tà àti Àtàn kọjá lọ sí Ìdí-Ìrókò, a máa bọ́ sí Àjàṣẹ́ lẹ́yìn ibodè, ẹni tí ó bá sì tún lọ síwájú yóò dé ilẹ̀ Aláàdà, níbi tí wọ́n ti ń sọ pé ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Sodabi bá àwọn Faransé ja ogun àgbáyé kìn-ín-ní, ó rí bí wọ́n ti ń fi wáìnì se ọtí líle, ó sì padà sílé wá fi ẹmu ṣe irú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni ọtí náà ń jẹ́ títí di òní. Ó yẹ kí n fi kún un pé ọ̀nà tiwọn àti tiwa láti gba ẹmu yàtọ̀: níbẹ̀, gígé ni wọ́n ń gé ọ̀pẹ lulẹ̀ kí wọ́n tó gba omi ara rẹ̀; adẹ́mu Yorùbá kì í gé e, ó ń gùn ún ni, ó sì ń fi í sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ìwé àti eré wa kò gbàgbé pé ẹmu àti ìrìn-àjò kì í yara. Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1952, ìwé ọ̀mùtí kan tí adẹ́mu rẹ̀ já láti orí ọ̀pẹ tí ó sì kú, tí ọ̀mùtí náà fi gbéra láti wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Ẹ rí i pé ẹni tí ó pàdánù adẹ́mu kò ronú àtira ọtí mìíràn, ọ̀nà ni ó mú pọ̀n. Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ìtàn náà di eré orí ìtàgé ní èdè Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1963. Ní àwọn ọdún 1960 kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ dá ẹgbẹ́ ọ̀mu-ẹmu tiwọn sílẹ̀, àwọn Kegite, tí wọ́n ń fi ìlù àti orin gbé akèrègbè ga láàrin àwọn ọ̀dọ́ tí bíà nìkan ni wọn ìbá máa rò pé ó bá ẹni tí ó kàwé mu. Bíà náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nígbà náà: ní ọdún 1949 ni ìgò Star àkọ́kọ́ ti jáde ní Ìgànmú, Guinness sì ti dé Ìkẹjà.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kò sì káwọ́ lẹ́rán. Ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì àti ní NIFOR tí ó wà lẹ́bàá ìlú Bìní, wọ́n wá ọ̀nà láti se ẹmu fẹ́rẹ́ nínú ìgò kí ìwúkàrà inú rẹ̀ lè kú kí ó sì lè pẹ́. Ó pẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹmu tí ìwúkàrà rẹ̀ ti kú, tí kò hó, tí kò ta sí imú, ẹni tí ó bá mú un lọ sí ibi ìdána yóò rí bí àwọn àgbà yóò ti wo ojú ara wọn.

Ohun tí ó wá ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀tà lẹ́yìn èyí ni ó fi gbogbo rẹ̀ rúni lójú. A dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1976; ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta ti sọ Sàngó di oríta ńlá; ilẹ̀ Ìkẹjà ti gbówó lórí, àwọn oníléeṣẹ́ sì tú jáde sí ìhà ibodè. Ní ọdún 1979, Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fi ipò sílẹ̀, ó sì dá oko ńlá rẹ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀tà. Ilé-iṣẹ́ irin, ti ike, ti oògùn, ti ìpara, gbogbo wọn dé. Nínú wọn ni ilé-iṣẹ́ ọtí wà, Sona tí ó ń pọn bíà nígbà náà, àti Intercontinental Distillers tí ń ṣe jíìnì àti sìnáàpù. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tí ń fi orí ọ̀pẹ ṣe ọtí fún èrò ọ̀nà ṣe di ilẹ̀ tí ń fi àgbá irin ṣe ọtí fún gbogbo Nàìjíríà, tí ọ̀pẹ kò sì ní ìpín kankan nínú rẹ̀. Wọ́n kọ́ ibi ìsanwó sí ojú ọ̀nà márosẹ̀ náà, ìjọba wó irú rẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè ní ọdún 2004, síbẹ̀ bí o bá wọ ọkọ̀ ní Sàngó lónìí, agbérò yóò ṣì máa pe "Tollgate! Tollgate!" fún ọ. Ní ọdún 1989 ni a so Ọ̀tà àti Adó-Odò pọ̀ di ìjọba ìbílẹ̀ kan, ìlú méjì tí ogun ọ̀nà kan náà ti fojú wọn rí màbo.

Ìtẹ̀lé ní tirẹ̀ kò rí ilé-iṣẹ́ púpọ̀. Ilé ni ó rí. Àwọn tí owó ilé Ìpájà àti Àyọ̀bọ̀ ti lé jáde kọjá ààlà Ìpínlẹ̀ Èkó, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n mọ odi, wọ́n sì gé ọ̀pẹ kí wọ́n tó ṣe ìpìlẹ̀. Èmi kò dá wọn lẹ́bi. Ènìyàn kò lè sùn lórí imọ̀. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá fẹ́ lo ọjọ́ kan bí àwọn baba wa ti ń lò ó kò tíì pẹ́ jù. Kí ó kúrò ní Ìtẹ̀lé kí oòrùn tó mú, nítorí ọ̀nà náà ní kòtò tí í bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó bá jí ní kùtù. Kí ó gba Ọ̀tà kọjá sí ìhà Àtàn, níbi tí oko ṣì wà láàrin ilé. Kí ó wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fún kẹ́ẹ̀gì funfun tí ìfófòó bo ẹnu rẹ̀, kí ó bọ́ sílẹ̀, kí ó bèèrè pé ta ni ó dá a àti pé ìgbà wo ni ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹlẹ́mu tí ó bá ń wo ilẹ̀ kí ó tó dáhùn, kí ó fi í sílẹ̀. Bí ó bá rí èyí tí ó mọ́, kí ó jókòó jẹun. Lẹ́yìn oúnjẹ, kí ó bèèrè ọ̀nà oko tí ó lọ sí etí omi, nítorí ọ̀nà oko ni ọ̀nà ìrìn tiwa, kò sí ẹni tí ó lànà rẹ̀ bí kò ṣe ẹsẹ̀ àwọn àgbẹ̀ àti apọnmi. Bí ó bá ní agbára kí ó lọ títí dé Ìṣẹ̀rì, kí ó dúró ní bèbè odò Ògùn, níbi tí àwo Ọlọ́fin rì sí.

Ṣùgbọ́n kí ó mú imú rẹ̀ dání bí ó bá gba ti odò Atuwara. Odò yìí, tí ń ṣàn láàrin Ọ̀tà àti àwọn abúlé ìhà Ìjù, ni ọ̀pọ̀ ilé ń pọn fún mímu àti fífọ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti dé, ìdọ̀tí omi iṣẹ́ wọn ni ó ń gbà, àwọn olùwádìí láti yunifásítì tí ó wà nínú Ọ̀tà fúnra rẹ̀ sì ti yẹ omi náà wò lọ́pọ̀ ìgbà tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó bàjẹ́. Ní àwọn ibì kan ó dúdú, ó ń rùn, ìfófòó tí ó sì wà lójú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹmu. Odò Owo, tí ń gba ìhà ibẹ̀ yẹn lọ sí ọ̀sà Ológe, ni ilé omi Ìṣaṣì ti ń fa omi fún apá kan ìlú Èkó. Ohun tí a bá dà sílẹ̀ lókè, ìsàlẹ̀ ni yóò mu ún.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò àti Ọ̀tà, Onítẹ̀lé àti àwọn baálẹ̀ tí ń fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀, pé kí wọ́n fi irà ògùrọ̀ tí ó kù ní etí odò sílẹ̀ láìtà, kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da yanrìn sí i. Omi òjò tí ń wọ ilé ní àdúgbò wọnnì lọ́dọọdún, inú irà yẹn ni ó ti ń gbé tẹ́lẹ̀. Mo bẹ àwọn oníléeṣẹ́ kí wọ́n sọ omi iṣẹ́ wọn di mímọ́ kí wọ́n tó dà á, gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Ẹ̀yin tí ẹ óò sì jáde lọ mu ẹmu lọ́jọ́ Sátidé, ẹ rántí ohun tí ó ṣe Ọbàtálá lójú ọ̀nà, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí kò mu nínú yín wa ọkọ̀ padà sílé.